Ajá wa ń jẹ́ orúkọ aládùúgbò, ṣé ó ṣeé yí padà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Gáà-Akáńbí n'Ílọrin là ń gbé. Ọmọ ajá wa ti pé oṣù mẹ́rin. Àwọn ọmọ ló sọ ọ́ ní Jímọ̀, torí ọjọ́ Jímọ̀ la mú un wálé. Àṣé Jímọ̀ ni bàbá ojúlé kejì ń jẹ́, inú wọn ò sì dùn sí i rárá. Ajá náà ti mọ orúkọ ọ̀hún dáadáa. Ṣé ó ṣì ṣeé yí padà? Irú èwo ló yẹ ká sọ ọ́?

Ìdáhùn: Ó ṣeé yí padà. Ajá ò mọ̀ pé orúkọ lòun ń jẹ́. Ìró kan ló mọ̀ pé oúnjẹ tàbí eré máa ń tẹ̀ lé. Bí ìró mìíràn bá ń mú ohun kan náà wá, á gbà á. Fún ajá oṣù mẹ́rin, ọ̀sẹ̀ kan sí méjì sábà máa ń tó.

Bàbá yẹn ò ṣàṣejù o. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ti ajá, àdúgbò ni kẹ́ ẹ wò, torí ìta gbangba lẹ ó ti máa lọgun rẹ̀. "Jímọ̀, kúrò nídìí ààtàn!" Ẹ gbé e sí etí ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi orúkọ ajá sọ̀kò ọ̀rọ̀ nílẹ̀ Yorùbá: ẹni tó ń bá orogún tàbí aládùúgbò jà á sọ ajá ní Tanímọ̀la tàbí Ẹ̀yìnlàárò, ẹni tí wọ́n ń bá wí á sì gbọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, ní Sango-Ọ̀tà, ọlọ́pàá mú ọkùnrin kan torí pé ó sọ ajá rẹ̀ ní Buhari, ọ̀rọ̀ sì dé kóòtù. N'Ílọrin ní tiwa, orúkọ tó bá ti inú Àlùkùránì wá kọjá ìjà aládùúgbò. Ẹ má dán an wò. Max àti Charlie, orúkọ èèyàn ni wọ́n nílùú Òyìnbó, ṣùgbọ́n ta ni yóò bínú sí wọn ní Gáà-Akáńbí? Bingo náà ò léwu, àfi pé ó ti pọ̀ jù: ẹ pe ọ̀kan, mẹ́ta á dáhùn.

Orúkọ kúkúrú ló dáa, èyí tí kò jọ àṣẹ tẹ́ ẹ máa ń pa. Wálé ò dáa, torí "wá" wà nínú ẹ̀. Ẹ má sì sáré lọ sọ ọ́ ní Jìmí; bàbá á ní ẹ kàn fọgbọ́n bo èébú mọ́lẹ̀ ni. Bó bá pupa rúsúrúsú, Kúlí tó o.

Ẹ se ẹ̀dọ̀ màlúù láìfi iyọ̀ tàbí àlùbọ́sà sí i (àlùbọ́sà ń ṣe ajá léṣe), kẹ́ ẹ gé e wẹ́wẹ́ bíi hóró ẹ̀wà. Nínú yàrá tí kò sí ariwo, ẹ pe "Kúlí", kẹ́ ẹ fi "Jímọ̀" tẹ̀ lé e lóhùn jẹ́jẹ́. Orúkọ tuntun ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Bó bá kẹ́yìn, ajá ti yíjú kó tó gbọ́ ọ, kò sì ní kọ́ nǹkan kan. Bó bá ti wò yín, ẹ fún un ní ẹ̀dọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìgbà mẹ́wàá láàárọ̀, mẹ́wàá lọ́sàn-án, mẹ́wàá lálẹ́. Láti ọjọ́ kẹrin, ẹ máa dánu dúró díẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi Jímọ̀ kún un. Bó bá ti ń yíjú sí Kúlí nìkan nígbà mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, ẹ pa Jímọ̀ tì, kẹ́ ẹ bọ́ sí àgbàlá, lẹ́yìn náà ẹnu géètì.

Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni kéèyàn pè é lẹ́ẹ̀marùn-ún léraléra, torí á kọ́ pé mẹ́rin àkọ́kọ́ ò já mọ́ nǹkan. Òmíràn ni pípè é wá jẹgba tàbí wá wẹ̀. Ẹ kìlọ̀ fáwọn ọmọ pé inú yàrá nìkan ni Jímọ̀ mọ. Bí ajá bá já jáde láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, súfèé ni kí wọ́n fi pè é.

Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ wá ká yí orúkọ ibẹ̀ padà. Àwọ̀, akọ tàbí abo, àti ọjọ́ ìbí ò ní yí. Ká sì wò ó bóyá ó ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, torí oṣù mẹ́ta ló yẹ kó ti gbà á.