Ẹ Bi Bàbá Oníkẹ̀kẹ́: Ẹ fi Chartres sílẹ̀, ẹ gba Chapaize lọ

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí ní Pobè, ẹni ọdún 58. Ọmọ mi obìnrin tó ń gbé ní Lyon ní kí n wá lo oṣù kan lọ́dọ̀ òun. Láti kékeré ni mo ti ń gun kẹ̀kẹ́, mo sì fẹ́ràn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ gan-an. Mo ti to ètò mi: Paris, Chartres, Reims àti Mont-Saint-Michel, gbogbo rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Kí lẹ rí sí i? (Ìyá Olùkọ́, Pobè)

ÌDÁHÙN: Ìyá Olùkọ́, ẹ kú ìsinmi iṣẹ́. Ètò yín dára púpọ̀ fún ẹni tó ní mọ́tò. Láti Paris dé Chartres, ó tó nǹkan bí 90 kìlómítà. Apá ìlà oòrùn ni Reims wà. Mont-Saint-Michel wà létí òkun lápá ìwọ̀ oòrùn, ó sì ju 300 kìlómítà lọ sí Paris. Bí ẹ bá ń fi kẹ̀kẹ́ lé gbogbo ìyẹn, ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù ni ẹ ó máa wò, ẹ ò ní ráyè wo ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ ó wá dé Chartres tán, ẹ ó bá èrò níbẹ̀ bí ọjọ́ ọjà Ouando.

Lyon tí ọmọ yín wà yẹn gan-an ni ẹnu ọ̀nà ibi tó yẹ yín. Chalon-sur-Saône ni mo ti tún kẹ̀kẹ́ ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó padà wá sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ọjọ́ Àìkú sì ni mo fi ń rin àwọn abúlé agbègbè Bourgogne, nítorí ọ̀gá mi kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà.

Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin TER ní Lyon, ẹ sọ̀ ní Chalon. Wọ́n máa ń gba kẹ̀kẹ́ nínú TER, àmọ́ àyè rẹ̀ kì í pọ̀. Ẹ má lọ láàárọ̀ Sátidé nígbà ìsinmi, nítorí ẹ lè dúró títí kí ẹ tó rí ibi kọ́ kẹ̀kẹ́ yín. Láti Chalon, ọ̀nà oníkẹ̀kẹ́ wà títí dé Givry. Givry ni voie verte ti bẹ̀rẹ̀. Ojú irin àtijọ́ ni: wọ́n hú irin rẹ̀, wọ́n da ọ̀dà sí i, wọ́n sì ṣí i fún ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ ní 1997. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé. Ó tó kìlómítà 44 dé Cluny. Mọ́tò àti alùpùpù kò gbọdọ̀ gba ibẹ̀. Níwọ̀n bí ọkọ̀ ojú irin kì í ti í lè gun òkè gíga, àwọn tó la ọ̀nà náà wá ibi tó tẹ́jú ni, orúnkún yín kò ní fẹjọ́ yín sùn. Givry, Buxy, Saint-Gengoux-le-National, Cormatin, Taizé, Cluny: bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra nìyẹn.

Ọmọkùnrin tó lágbára á gùn ún tán ní ìdajì ọjọ́. Ẹ̀yin, ẹ lo ọjọ́ mẹ́rin, torí pé ẹ ó máa yà. Ní Cormatin, ẹ yà sí apá ìlà oòrùn lọ sí Chapaize. Kò tó kìlómítà mẹ́wàá. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkànlá ni wọ́n ti kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Saint-Martin tó wà níbẹ̀. Ilé agogo rẹ̀ ga tó mítà 35, abúlé náà sì kéré, kí ẹ tó dé ni ẹ ó ti máa rí i láàárín pápá màlúù. Nínú rẹ̀, òpó róbótó ńláńlá ló wà, kò sí ọ̀ṣọ́ lára wọn, àwọn míì sì ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ nítorí ìwúwo òkúta tí wọ́n ti ń rù bọ̀ láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún. Ògiri nípọn, fèrèsé kéré, ìmọ́lẹ̀ kì í pọ̀ níbẹ̀. Ẹ fún ojú yín láyè kó mọ́ òkùnkùn náà lára. Mi ò sọ pé Chartres kò lẹ́wà o. Ohun tí mo ń sọ ni pé ní Chapaize, ẹ lè jókòó fún wákàtí kan kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kí ẹ sún.

Bí ẹsẹ̀ bá ṣì lágbára, Brancion wà lórí òkè níwájú, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀. Ẹ sọ̀, kí ẹ ti kẹ̀kẹ́. Èmi tí mò ń fi kẹ̀kẹ́ jẹun náà, mo máa ń ti tèmi.

Ní Taizé ẹ ó pàdé ọ̀dọ́ láti gbogbo ayé, nítorí àwùjọ Kìrìsìtẹ́nì tí Frère Roger dá sílẹ̀ lẹ́yìn tó dé abúlé náà ní 1940. Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré àtijọ́ ti abúlé ni kí ẹ wá lọ.

Cluny ni kẹ́yìn, ẹ má ṣe yí i padà. Guillaume, dúúkì Aquitaine, ló dá ilé àwọn mọ́ǹkì yẹn sílẹ̀ ní 910. Ní 1088 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó gùn ní mítà 187, kò sì sí èyí tó tóbi tó o láàárín gbogbo Kìrìsìtẹ́nì títí wọ́n fi kọ́ Saint-Pierre tuntun ní Róòmù. Lẹ́yìn ìyípadà ìjọba 1789, wọ́n tà á. Àwọn tó rà á sọ ọ́ di ibi ìwakúsà, wọ́n ń wó o, wọ́n ń ta òkúta rẹ̀. Èyí tó kù kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ lọ síbẹ̀ á ní, “Ṣé òun náà nìyí?” Àmọ́ ẹni tó ti jókòó ní Chapaize ti mọ bí irú ilé yẹn ṣe ń rí, á lè fi ojú inú kọ́ ìyókù.

Láti Cluny lọ sí Mâcon, ọ̀nà náà gba ihò abẹ́ òkè Bois Clair, tó gùn ju kìlómítà kan àbọ̀ lọ. Iná wà níbẹ̀, òtútù náà sì wà, kódà nínú oṣù Kẹjọ, ẹ mú súwẹ́tà dání. Nígbà òtútù wọ́n máa ń tì í nítorí àwọn àdán tó ń sùn síbẹ̀. Ní Mâcon ni ẹ ó ti wọ ọkọ̀ padà sí Lyon.

Oúnjẹ ńkọ́? Ìlú kéékèèké wọ̀nyẹn a máa ti ìlẹ̀kùn láti aago méjìlá sí méjì ọ̀sán, ọ̀pọ̀ kì í sì í ṣí lọ́jọ́ Ajé. Ẹ ra búrẹ́dì yín láàárọ̀. Ní ti omi, ẹ̀rọ omi sábà máa ń wà ní itẹ́ òkú, òun ni àwọn oníkẹ̀kẹ́ ibẹ̀ ń bù. Mo mọ̀ pé ẹ ti dijú! Omi tó ń bọ̀ láti inú páìpù ìlú kan náà ni. Àfi ibi tí wọ́n bá kọ “eau non potable” (omi tí kò ṣeé mu) sí ni kí ẹ fi sílẹ̀.

Ìwé ìrìn àjò: kí ọmọ yín lọ gba attestation d'accueil, ìwé tó fi hàn pé òun ló máa gbà yín sílé, ní mairie (ọ́fíìsì ìjọba ìlú) tirẹ̀ kíákíá. Ẹ̀yin náà, ẹ wá ìwé adójútòfò tó lè san tó 30,000 yúrò fún ìtọ́jú yín. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogún mílíọ̀nù fáránkì CFA, ṣùgbọ́n ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀yin kọ́ ni ẹ ó san án.

ÌBÉÈRÈ: Àlùfáà Oníkẹ̀kẹ́, mo gbọ́ pé Mùsùlùmí ni yín. Ọkọ mi fẹ́ mú mi lọ sí irú ìrìn yìí. Ṣé mo lè fi ìbòrí mi wọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn? Ṣé wọ́n ń gba owó? (Ìyá Ràfíù, Àjàṣẹ́)

ÌDÁHÙN: Ẹ̀yin ẹ tún sọ mí di àlùfáà! Ìyá Ràfíù, àwa tí a ń kọjá níwájú mọ́ṣáláṣí ńlá Àjàṣẹ́, tí àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó ti Brazil padà wálé, mú àwòrán rẹ̀ ti ibẹ̀ dé, tí iwájú rẹ̀ jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ketekete, ta ni ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ dẹ́rù bà nínú wa? Ìbòrí kò ní wàhálà. Aṣọ tó bo ojú pátápátá ni òfin 2010 kọ̀ ní ìta gbangba. Ọkọ yín ni kó ṣí fìlà bó bá ń wọlé, àṣà wọn nìyẹn.

Owó kò sí ní ṣọ́ọ̀ṣì abúlé. Láti ìgbà tí òfin 1905 ti ya ẹ̀sìn sọ́tọ̀ kúrò lára ìjọba, èyí tó pọ̀ jù nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti kọ́ ṣáájú rẹ̀ jẹ́ ti ìlú tó wà. Ìlú ló ń tún òrùlé rẹ̀ ṣe. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá bá ìlẹ̀kùn ní títì, mairie ni ẹ ó lọ, tàbí kí ẹ wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìlẹ̀kùn: wọ́n lè kọ ilé aládùúgbò tí kọ́kọ́rọ́ wà síbẹ̀. Ẹ kí onítọ̀hún dáadáa kí ẹ tó bèèrè; “Bonjour madame” lákọ̀ọ́kọ́, kọ́kọ́rọ́ tẹ̀ lé e. Tí wọ́n bá ń ṣe ìsìn lọ́wọ́, ẹ dúró lóde. Ní Cluny, ẹ ó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ìrun tèmi, ẹ̀gbẹ́ pápá ni mo ti ń kí i, kò sẹ́ni tó yọ mí lẹ́nu. Bí ẹ bá lọ nínú oṣù Kẹfà, ẹ rántí pé aago mẹ́sàn-án alẹ́ á kọjá kí oòrùn tó wọ̀, Mọ̀gáríbì á pẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, mò ń lọ kàwé ní Poitiers. Mo ní kẹ̀kẹ́ kan tí mo fi ń lọ oko. Ṣé kí n gbé e dání? Ibo ni mo sì lè gùn lọ láti ibẹ̀? (Ọmọ Kétu)

ÌDÁHÙN: Ọmọ Kétu, o káre. Ibi tí wàá lọ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ. Saint-Savin wà ní nǹkan bí kìlómítà ogójì sí Poitiers, létí odò Gartempe. Gbé orí sókè bí o bá ti wọlé: gbogbo òrùlé òkúta náà ni wọ́n ya ìtàn Bíbélì sí ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ọkọ̀ Nóà àti ilé ìṣọ́ Bábẹ́lì wà níbẹ̀. UNESCO ti kọ ọ́ sínú ìwé ogún àgbáyé láti 1983. Nígbà tí ara rẹ bá ti mọ́ ọ̀nà jíjìn, lọ sí Aulnay lápá gúúsù. Àwọn agbẹ́kùúta ọ̀rúndún kejìlá gbẹ́ erin sí orí òpó kan níbẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ ní èdè Látìn pé erin nìwọ̀nyí. Wo etí wọn dáadáa. Lójú tèmi, ẹni tó gbẹ́ wọn kò fojú kan erin rí.

Kẹ̀kẹ́ oko yẹn, fi sílẹ̀ fún àbúrò rẹ. Ra àlòkù níbẹ̀, èyí tó ní jíà kéékèèké fún òkè. Òfin ibẹ̀ fẹ́ aago, iná funfun tàbí yẹ́lò níwájú, iná pupa lẹ́yìn. Lóru lẹ́yìn ìlú, o gbọ́dọ̀ wọ gilet, ẹ̀wù aláìlápá tó ń tàn. Ọkọ̀ tó bá fẹ́ kọjá lára rẹ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ fi mítà kan àbọ̀ sílẹ̀. Ẹlẹ́mọ́tò ibẹ̀ tó bọ̀wọ̀ fún un pọ̀ ju ti ọ̀nà Kétu wa lọ. Ra túùbù kan sí i àti pọ́ńpù, kí o sì dán pọ́ńpù náà wò lórí táyà rẹ kí o tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, nítorí ẹnu túùbù tín-ín-rín tí wọ́n ń pè ní Presta pọ̀ níbẹ̀, pọ́ńpù tí wọ́n ṣe fún ẹnu fífẹ̀ nìkan kò ní bá a mu.