Ṣé kí n lọ kọ́ṣẹ́ tíṣà ọmọ kéékèèké?

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Iléèwé aládàáni kan l'Ókè Àró l'Ákúrẹ́ níbí ni mo ti ń bá wọn tọ́jú ọmọ, mo wá fẹ́ lọ ka NCE, ìyẹn ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ tíṣà, ní ẹ̀ka Early Childhood tó jẹ́ ti ọmọ kéékèèké, àmọ́ ọkọ mi ní ṣé èmi tí mo ti bímọ mẹ́ta ni màá tún lọ sanwó kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́mọ, ọ̀gá mi náà ní sùúrù niṣẹ́ yẹn ń fẹ́, kì í ṣe sàtífíkéètì. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ìyá Ìbejì, Àkúrẹ́.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, lọ o!

Ọmọ tìẹ nílé, o mọ̀wà wọn, àwọn tí kálukú wọn tilé tiẹ̀ wá ńkọ́? Ìjọba fúnra ẹ̀ kọ ọ́ sínú National Policy on Education pé ọmọ 25 ni kí tíṣà kan mú ní nọ́sìrì, NCE ló sì yẹ kó kéré jù lọ́wọ́ tíṣà.

Jẹ́ n mú ọ̀rọ̀ pẹ́ńsù nìkan. Ọmọ ọdún mẹ́ta, wọ́n á ní kó kọ 1 dé 50, ọmọ á fi gbogbo ọwọ́ di pẹ́ńsù mú bí ẹni di ọmọ odó mú, á tẹ̀ ẹ́ títí ìwé á fi ya, wọ́n á wá nà án pé olódo ni. Olódo kọ́ o, iṣan ọwọ́ ẹ̀ ni ò tíì gbó! Tíṣà tó kọ́ṣẹ́ á gbé amọ̀ fún un kó máa mọ, á ní kó máa ṣa ìdérí kóòkì sínú agolo, kó máa fìka kọ nǹkan sórí yanrìn, ìka yẹn á máa le díẹ̀díẹ̀ kó tó kan pẹ́ńsù. Inú ọ̀gá ẹ lè má dùn sí mi, àmọ́ sùúrù nìkan ò lè kọ́ ẹ nìyẹn.

Wọ́n á tún kọ́ ẹ pé èdè àdúgbò ló yẹ ká fi kọ́ àwọn ọmọ yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn èèyàn ẹ̀ ti ṣe é n'Ífẹ̀ láti 1970, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ ọmọ dé praimárì 6, àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa, òyìnbó gan-an ò sì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ọmọ tó ń fi Yorùbá sunkún ìyá ẹ̀, ẹ dákun ẹ má fòyìnbó rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Ọdún mẹ́ta ni NCE, T.P. wà níbẹ̀, ìyẹn kó o lọ fi iṣẹ́ tíṣà dánra wò níléèwé, olùkọ́ á wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì máa wò ẹ́, má jẹ́ kó já ẹ láyà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tíṣà Adéyẹmí tó wà l'Óǹdó ti di yunifásítì ẹ̀kọ́ báyìí, torí náà béèrè dáadáa bóyá fọ́ọ̀mù NCE ni àbí ti dìgírì kó o tó sanwó. Tó ò bá lè fiṣẹ́ sílẹ̀, NTI, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń kọ́ àwọn tíṣà, ń ṣe NCE fáwọn tó ń ṣiṣẹ́, bi wọ́n bóyá kọ́ọ̀sì tìẹ wà níbẹ̀. Tó o bá parí, forúkọ sílẹ̀ ní TRCN, àjọ ìjọba tó ń forúkọ àwọn tíṣà sílẹ̀.

Ní ti ọkọ ẹ, má bá a jà, ìwọ ṣáà fi ọ̀rọ̀ pẹ́ńsù yẹn yé e. Kó o sì wá èsì WAEC ẹ jáde lónìí, tí nǹkan bá kù níbẹ̀, NECO ló kàn.