Ìwé Àṣẹ Ìbọn Kù Sínú Báàgì Kejì: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Àwọn Òǹkàwé Wa ní Amẹ́ríkà

Ìbéèrè: Ẹ̀yin Olóòtú, mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlú Woodbridge ní ìpínlẹ̀ Virginia ni mò ń gbé. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, òru ni mo sì sábà máa ń wọṣẹ́. Láti ìgbà tí àwọn kan ti fipá gba mọ́tò lọ́wọ́ ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ni mo ti lọ kọ́ bí a ṣe ń lo ìbọn, tí mo sì gba ìwé àṣẹ tó fún mi láyè láti máa gbé ìbọn ìléwọ́ pamọ́ sára. Ní oṣù tó kọjá, mo pààrọ̀ báàgì nítorí òde kan tí mo fẹ́ lọ. Mo gbé ìbọn sínú báàgì òde, ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ náà kù sínú èyí tí mo máa ń gbé lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí mo ń padà bọ̀, ọlọ́pàá dá mi dúró nítorí iná ẹ̀yìn ọkọ̀ mi kan tó ti kú. Ó béèrè bóyá ìbọn wà lọ́wọ́ mi, mo ní ó wà. Ó ní kí n mú ìwé rẹ̀ wá, mo wá a títí, n kò rí i. Àyà mi já. Ó fún mi ní ìwé ìpẹ̀jọ́. Ọkọ mi ní kí n fọkàn balẹ̀, pé orúkọ mi ti wà nínú kọ̀ǹpútà àwọn ọlọ́pàá, pé kí ni wọ́n tún ń fi ìwé ṣe. Ṣé òótọ́ ni? Ǹjẹ́ wọ́n lè gba ìwé àṣẹ náà lọ́wọ́ mi? — Ìyá Ìbejì, Woodbridge.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu. A dúpẹ́ pé ìwé ìpẹ̀jọ́ nìkan ni ẹ bá wálé.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tí bàbá àwọn ìbejì sọ. Ní Virginia, ilé ẹjọ́ àgbègbè tí ènìyàn ń gbé ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ yìí, ọdún 5 ló sì fi ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i, orúkọ ẹni náà á dé ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́pàá ìpínlẹ̀, wọn á sì tẹ̀ ẹ́ sínú àkójọ tí ọlọ́pàá tó wà lójú pópó lè yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n òfin kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sórí kọ̀ǹpútà. Ohun tó sọ ni pé ní gbogbo ìgbà tí ènìyàn bá gbé ìbọn pamọ́ sára, ìwé àṣẹ náà gbọ́dọ̀ wà lára òun fúnra rẹ̀, bí ọlọ́pàá bá sì béèrè, kí ó fi í hàn pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀ tí àwòrán ojú rẹ̀ wà níbẹ̀. Méjèèjì ni òfin dárúkọ. Ọ̀kan kò lè dúró fún èkejì.

Bí ẹ bá yẹ ìwé náà wò dáadáa, ẹ óò rí ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Pélébé báyìí ni, nítorí òfin ní kí ìwọ̀n rẹ̀ jọ ti láísẹ́ǹsì ọkọ̀ Virginia. Orúkọ yín wà níbẹ̀, àdírẹ́sì yín, ọjọ́ ìbí yín, bí ẹ ṣe ga tó àti bí ẹ ṣe wúwo tó, àwọ̀ irun yín àti ti ẹyinjú yín, títí kan ọjọ́ tí yóò kásẹ̀ nílẹ̀. Àwòrán ojú kò sí nínú ohun tí òfin ní kí wọ́n kọ sí i. Ẹnikẹ́ni ló lè rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ he nílẹ̀ kí ó fi í hàn gẹ́gẹ́ bíi tirẹ̀, nítorí náà káàdì tó ní àwòrán ló ń jẹ́rìí pé ẹ̀yin gan-an ni ẹ ni ín. Láísẹ́ǹsì ọkọ̀ tí ìpínlẹ̀ Virginia fún yín tó bẹ́ẹ̀. Páásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà àti káàdì àwọn ológun ilẹ̀ náà tó bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà kò sí lára àwọn tí òfin kà sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni káàdì ìdánimọ̀ ibi iṣẹ́ yín ní ọsibítù kò sí níbẹ̀.

Ní ti ìwé ìpẹ̀jọ́ tí wọ́n fún yín, dọ́là 25 ni owó ìtanràn ẹni tí kò rí ìwé rẹ̀ fi hàn. Kì í ṣe ẹ̀sùn ọ̀daràn, kò sì sí lára ohun tí òfin ní kí wọ́n tìtorí rẹ̀ gba ìwé àṣẹ padà. Adájọ́ tilẹ̀ láṣẹ láti fagi lé owó náà bí ẹ bá mú ìwé àṣẹ tí kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ àti káàdì ìdánimọ̀ yín dé iwájú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín, ẹ mú méjèèjì dání, ẹ má sì jẹ́ kí ọjọ́ náà yẹ̀. Ẹni tí kò gba ìwé àṣẹ rárá ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ le, nítorí ìyẹn lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù 12 tàbí kí ó san tó dọ́là 2,500, wọ́n sì lè fi méjèèjì jẹ ẹ́ níyà. Ohun tó sì ya ẹ̀yin àti onítọ̀hún sọ́tọ̀ lójú ọlọ́pàá tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ọkọ̀ yín lóru ni pélébé ìwé yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó wà lọ́kàn mi jù. Báàgì ló fa ìgbàgbé yín. Ẹni tó ń pààrọ̀ báàgì lọ́sẹ̀ méjì-méjì, tí ìwé sì ń gbé inú ọ̀kan nínú wọn, ọjọ́ kan ni yóò fi ọ̀kan sílẹ̀ kó òmíràn. Ẹ yọ ìwé àṣẹ náà kúrò nínú báàgì pátápátá. Ẹ wá àpamọ́wọ́ kékeré kan tí ẹ kì í wakọ̀ láìmú dání, kí ẹ ki ìwé náà bọ inú ihò kan náà pẹ̀lú láísẹ́ǹsì yín, kí wọ́n wà bíi Táíwò àti Kẹ́hìndé, kí ọwọ́ má lè fa ọ̀kan yọ kí èkejì má tẹ̀ lé e. Ní alẹ́, ibi tí ẹ ń fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sí ni kí ẹ máa gbé àpamọ́wọ́ náà sí. Bí ẹ bá sì ti dé ojú ọ̀nà kí ẹ tó rántí pé kò sí lọ́wọ́ yín, ẹ ṣẹ́rí padà sílé. Kí ẹ pẹ́ dé òde sàn ju ohun tí ojú yín rí lọ. Àwòrán rẹ̀ tí ẹ yà sínú fóònù kì í ṣe ìwé àṣẹ.

Ṣùgbọ́n ìwé kò gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀gbẹ́ ìbọn o. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ka èyí kọjá lásán. Nínú lẹ́tà yín, báàgì òde yẹn náà ni ìbọn wà, inú rẹ̀ náà sì ni ẹ ti ń wá ìwé nígbà tí ọlọ́pàá dúró tì yín. Ẹ wo ọwọ́ ara yín lójú ẹni tó dúró níta nínú òkùnkùn, tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ìbọn wà lọ́wọ́ yín. Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 2016, ọlọ́pàá dá Philando Castile dúró ní Falcon Heights, ní ìpínlẹ̀ Minnesota. Ọmọ ọdún 32 ni, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, ó sì ní ìwé àṣẹ ìbọn. Òun fúnra rẹ̀ ló fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ fún ọlọ́pàá náà pé ìbọn wà lára òun. Wọ́n ti ní kí ó mú láísẹ́ǹsì rẹ̀ wá. Bí ó ti ń na ọwọ́, ọlọ́pàá náà rò pé ìbọn ló fẹ́ fà yọ, ó sì yin ìbọn sí i lẹ́ẹ̀méje, márùn-ún nínú wọn sì bà á, lójú ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ àti ọmọdébìnrin tó wà lẹ́yìn ọkọ̀. Ní ọdún 2017, ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ náà dá ọlọ́pàá náà sílẹ̀. N kò sọ pé Castile ló ṣe àṣìṣe. Inú mi ṣì máa ń bàjẹ́ bí mo bá rántí rẹ̀, nítorí gbogbo ohun tí òfin ní kí ó ní ló ní.

Nítorí náà, bí ìbọn bá wà ní ìbàdí ọ̀tún, ẹ fi ìwé sí apá òsì, tàbí kí ẹ fi í sí ibi tí ọlọ́pàá ti lè rí i kedere kí ọwọ́ yín tó dé ibẹ̀. Bí wọ́n bá dá yín dúró, ẹ pa ọkọ̀, ẹ tan iná inú rẹ̀, ẹ yí gíláàsì sílẹ̀, kí ẹ sì gbé ọwọ́ méjèèjì lé sítíárìn. Òfin Virginia kò fi dandan mú yín láti sọ̀rọ̀ ìbọn bí wọn kò bá béèrè. Bí wọ́n bá béèrè, ẹ sọ ibi tí ìbọn wà àti ibi tí ìwé wà, kí ẹ dúró kí ọlọ́pàá sọ ohun tí ẹ óò ṣe, kí ẹ tó mi ìka kan.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin Olóòtú, Alexandria ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òde àwọn ènìyàn wa, Maryland ló máa ń jẹ́, lọ́nà Bowie àti Lanham. Bí ìwé àṣẹ Virginia bá wà lápò mi pẹ̀lú láísẹ́ǹsì, ṣé mo lè gbé ìbọn dání kọjá afárá? — Bàbá Tóbi.

Ìdáhùn: Rárá, sà. Maryland kò ka ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ mìíràn sí, Washington tó jẹ́ olú ìlú Amẹ́ríkà náà kò kà á sí. Bí ẹ bá ti kọjá odò Potomac lórí afárá Woodrow Wilson, ìwé tó wà lápò yín kò dáàbò bò yín mọ́, ẹ̀sùn ọ̀daràn sì ni gbígbé ìbọn láìgba àṣẹ níbẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1986 fún ẹni tó kàn ń kọjá lọ láyè, bí ọta kò bá sí nínú ìbọn, tí ìbọn wà ní títì pa níbi tí ọwọ́ kò lè tó o, tó sì jẹ́ pé òfin gbà á láyè níbi tó ti ń bọ̀ àti ibi tó ń lọ. Ẹni tó ń lọ jókòó ní òde ní Lanham kò kàn ń kọjá lọ. Ẹ fi ìbọn sílé, nínú àpótí onírin tí ẹ tì.

Níhà gúúsù, North Carolina gba ìwé yín, ṣùgbọ́n òfin tiwọn tún yàtọ̀: ẹni tó gbé ìbọn pamọ́ gbọ́dọ̀ mú ìwé àṣẹ àti káàdì ìdánimọ̀ dání, ó sì gbọ́dọ̀ sọ fún ọlọ́pàá tó bá tọ̀ ọ́ wá pé òun ní ìwé, ìbọn sì wà lára òun, láìdúró de ìbéèrè. Ẹ wo òfin ibi tí ẹ ń lọ kí ẹ tó gbéra.

Ìbéèrè: Olóòtú, mi ò tíì di ọmọ onílùú, green card ni mo ní. Ṣé mo lè gba ìwé àṣẹ ìbọn ní Virginia, kí ni mo sì gbọ́dọ̀ máa mú dání? — Ọmọ Ìjẹ̀bú, Richmond.

Ìdáhùn: Ẹ lè gbà á bí ẹ bá kún ojú ìwọ̀n yòókù, tí ẹ ti pé ọmọ ọdún 21. Ẹni tó wà níbí pẹ̀lú físà ọmọ iléèwé kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí òfin àpapọ̀ kò jẹ́ kí irú wọn ní ìbọn àfi ní ìwọ̀nba ọ̀nà díẹ̀. Tiyín di mẹ́ta: ìwé àṣẹ, láísẹ́ǹsì Virginia, àti green card fúnra rẹ̀, tí òfin ti ní kí gbogbo ẹni tó bá pé ọdún 18 máa mú kiri, yálà ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí kò sí. Ohun tí mo sọ fún Bàbá Tóbi sì kàn yín jù ú lọ. Bí ilé ẹjọ́ bá dá ẹni tí kì í ṣe ọmọ onílùú lẹ́bi lórí gbígbé ìbọn lọ́nà tó lòdì sí òfin, ìjọba lè tìtorí rẹ̀ dá a padà sílé. Kí ẹ tó gbé ìbọn kúrò ní Virginia rárá, ẹ kọ́kọ́ rí agbẹjọ́rò tó mọ òfin ìwọ̀lú.