Ẹ́ńjìnì yín ò bàjẹ́, súìṣì lẹ ò yí

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Wẹ́dà ni mí, ojú ọ̀nà Oǹdó l'Ákùúrẹ́ níbí ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, géètì àti bọ́gúlárì la máa ń ṣe jù. Nítorí iná tí ò dúró, mo ra ẹ́ńjìnì wẹ́dìn tòkunbọ̀ kan tó ń lo dísù. Tí n bá fi ẹlẹ́kítíróòdù (ọ̀pá wẹ́dìn tó ń yọ́ sójú irin) jó irin, kò ní wàhálà rárá. Àmọ́ mo yá fídà oníwáyà (ẹ̀rọ tó ń ti wáyà wẹ́dìn jáde) lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan fún iṣẹ́ ẹsẹ̀ táǹkì omi kan ní Ìdànrè, ariwo pàà-pàà-pàà nìkan ló ń pa, wáyà á lẹ̀ mọ́ irin, nígbà mí-ìn á tún jó padà wọnú gọ́ọ̀nù tí mo dì mú, tí wáyà ń gbà jáde. Ẹni tó ń bá wa tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní kóìlì ti jó, kí n lọ wá owó. Ṣé òótọ́ ni? (Wẹ́dà Àkúrẹ́)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ẹ má tíì yọ owó kankan o. Ẹ́ńjìnì tí kóìlì ẹ̀ jó, báwo ló ṣe máa fi ẹlẹ́kítíróòdù jó irin fún yín tí ò ní wàhálà? Mi ò ní ẹni yẹn ń parọ́ o, àmọ́ ó dà bíi pé kò wo ojú pánẹ́ẹ̀lì kó tó sọ̀rọ̀.

Ẹ lọ wò ó, ẹ máa rí súìṣì kan tí wọ́n kọ CC àti CV sí, tàbí Stick (ti ẹlẹ́kítíróòdù), TIG (ti tungsten) àti Wire (ti wáyà). Tó bá wà ní CC, amp, ìyẹn bí iná ṣe ń ṣàn tó, ni ẹ̀rọ ń dì mú. Ọwọ́ èèyàn kì í dúró lójú kan, ẹ máa sún mọ́ irin díẹ̀, ọwọ́ á tún gòkè díẹ̀, fóòtì (agbára tó ń ti iná) á máa lọ sókè sódò ṣùgbọ́n amp ò ní yí lọ títí, ìdí nìyẹn tójú iṣẹ́ ẹlẹ́kítíróòdù fi ń dọ́gba. Ti wáyà ò rí bẹ́ẹ̀. Fídà ló ń ti wáyà jáde, eré kan náà ló ń sá, fóòtì ló wá yẹ kí ẹ̀rọ dì mú, ìyẹn CV, kí amp máa tẹ̀lé eré wáyà. Tí wáyà bá sún mọ́ irin jù, amp á fò sókè lójú ẹsẹ̀, á sì yọ́ ẹnu ẹ̀ kúrò. Tẹ́ ẹ bá wá gbé wáyà sórí CC, kò sóhun tó máa bá a ṣe ìyẹn mọ́, á lẹ̀ mọ́ irin, àbí kó jó wọnú gọ́ọ̀nù, bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. (Àwọn fídà kan wà tí wọ́n ní ó lè ṣiṣẹ́ lórí CC, ó lè ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ mi ò lè fi ṣe iṣẹ́ tí táǹkì omi máa jókòó lé lórí.)

Tẹ́ ẹ bá ti yí i sí CV, ó ku kébù, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ wa ti ń ṣubú. Wáyà lásán tó ń lo gáàsì, gọ́ọ̀nù á wà ní pósítífù, áàsì (kébù tẹ́ ẹ fi há irin iṣẹ́) ní nẹ́gẹ́tífù. Wáyà tó ní oògùn nínú tí ò lo gáàsì, òdì ẹ̀ ni lọ́pọ̀ ìgbà, gọ́ọ̀nù ní nẹ́gẹ́tífù, ẹ ka ara páálí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó so ó. Ti Ìdànrè yẹn, tó bá jẹ́ ìta gbangba lẹ ti ń ṣiṣẹ́, atẹ́gùn tó ń bọ̀ láti orí òkè yẹn á máa gbá gáàsì lọ, ojú ìjó á wá kún fún ihò bíi kàn-ìn-kàn-ìn. Wáyà tí ò lo gáàsì ni mo fara mọ́ níbẹ̀, àbí kẹ́ ẹ ta tapólì yí ibẹ̀ ká.

Fún wáyà 0.9mm tó ń lo gáàsì, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti bíi 18 fóòtì, ẹ dán an wò lórí àjákù irin tó nípọn bíi ti iṣẹ́ yẹn. Tó bá ń dún bí àkàrà nínú òróró gbígbóná, ẹ ti dé bẹ̀. Tó bá ń ta pàà-pàà tí wáyà ń ti ọwọ́ yín padà, ẹ dín eré wáyà kù tàbí kẹ́ ẹ fi fóòtì kún un díẹ̀díẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá padà sórí ẹlẹ́kítíróòdù, ẹ rántí dá a padà sí CC o! Ẹlẹ́kítíróòdù tí wọ́n kọ 6013 sí lára ò ní ìjà pẹ̀lú ẹnikẹ́ni, pósítífù tàbí nẹ́gẹ́tífù, á gbà. Èyí tí wọ́n kọ 7018 sí ní tiẹ̀, pósítífù ni kẹ́ ẹ fi hólúdà tó ń dì í mú sí. Ẹlẹ́kítíróòdù géèjì 12, bíi 70 sí 80 amp, géèjì 10, bíi 110, kẹ́ ẹ tó máa lọ sókè tàbí sódò bí irin bá ṣe rí. Ẹ má fi 7018 sílẹ̀ níta nígbà òjò, tó bá ti gba omi, irin tẹ́ ẹ fi jó lè sán lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti gbowó tán.

Ohun kan tí mo máa ń pariwo lé àwọn ọmọ iṣẹ́ mi lórí ni pé ẹ ò gbọdọ̀ yí súìṣì yẹn nígbà tí iná ń jó lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn ti ṣe é rí, ẹnu súìṣì jó dúdú, èmi ni mo san án. Ẹ sì gbé ẹ́ńjìnì síta, èéfín ẹ̀ ń pa èèyàn láìjẹ́ pé ó rùn lọ títí. Tí ọmọ iṣẹ́ bá ń lo gíráíńdà lára ẹ̀rọ kan náà bẹ́ ẹ ṣe ń jó irin, agbára tó kù fún yín á dín kù, ẹ má rò pé ó tún ti bàjẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ Oǹdó ni mí, irin àtẹ̀gùn sténlẹ́ẹ̀sì ni mo fẹ́ fi ẹ́ńjìnì mi jó. Mo so tọ́ọ̀ṣì TIG, kíá ni ẹnu tungsten (abẹ́rẹ́ irin inú tọ́ọ̀ṣì) yọ́ di kóró. Kí ló fà á?

ÌDÁHÙN: Pósítífù lẹ fi tọ́ọ̀ṣì sí, mo lè fi ìdajì owó mi ta tẹ́tẹ́ lé e. Nẹ́gẹ́tífù ni kẹ́ ẹ fi sí, áàsì ní pósítífù, súìṣì ní CC, gáàsì argon lásán, ẹ má po CO2 mọ́ ọn. Páìpù 1.5mm ò ju bíi 40 sí 60 amp lọ. Tí ẹ̀rọ bá ní hot start àti arc force, àwọn ohun tó ń fi amp kún un, ẹ pa méjèèjì, ti ẹlẹ́kítíróòdù ni wọ́n, wọ́n á kàn dá ihò sí páìpù yín lára. Ẹ sì tún lọ ẹnu tungsten yẹn, kó máa lọ sí gígùn, kẹ́ ẹ tó tún gbìyànjú.