Iye Sack Nìkan Kò Tó Láti Fi Díwọ̀n Edge Rusher

Ẹ béèrè ìdí tí ẹgbẹ́ Baltimore Ravens, ní NFL (líìgì bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbé ti Amẹ́ríkà), fi mú edge rusher Odafe Oweh ní ipò 31 nínú draft (ètò tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń yan ọ̀dọ́ láti yunifásítì) ọdún 2021, nígbà tí kò ní sack kankan (gbígbé quarterback, ẹni tí ń ju bọ́ọ̀lù, ṣubú kí ó tó jù ú) fún yunifásítì Penn State ní sáà 2020, ẹ sì fẹ́ mọ ohun tí ó yẹ kí èèyàn wò lára irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ kí ó tó sọ pé yóò ṣe dáadáa ní NFL. Left tackle, ẹni tí ń dí alátakò lọ́nà ní apá òsì, ni mo jẹ́ ní yunifásítì kékeré kan ní Texas. Iṣẹ́ mi ni láti dáàbò bo ẹ̀yìn quarterback lọ́wọ́ àwọn edge rusher, tí ń sáré láti ẹ̀gbẹ́ wá bá a, orúnkún mi tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún àti ìka ọwọ́ mi tí kò tọ́ mọ́ ni wọ́n sì fi kọ́ mi ní ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ìdáhùn mi ni pé sack ni ó yẹ kí ẹ kà kẹ́yìn.

Ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ ni mo máa ń wò ṣáájú. Bí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò nílẹ̀, tackle ń fà sẹ́yìn, edge rusher sì ń sáré bọ̀ níwájú. Bí èjìká rẹ̀ bá fi lè dé ẹ̀gbẹ́ ìbàdí mi kí ẹsẹ̀ mi tó múlẹ̀, ọ̀ràn ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn, kò kù ju kí n fa ẹ̀wù rẹ̀, kí rẹfirí sì fìyà jẹ ẹgbẹ́ wa. Quarterback kì í sábà di bọ́ọ̀lù mú ju ìṣẹ́jú-àáyá 2.5 sí 3 lọ. Nítorí náà, nínú eré yáàdì 40 tí wọ́n máa fi ń dán àwọn ọ̀dọ́ wò ní Indianapolis ṣáájú draft, yáàdì 10 àkọ́kọ́ ni mo kà sí, nítorí ojú pápá kò fún ẹnikẹ́ni ní yáàdì 40 láti fi bá quarterback. Terrell Suggs, edge rusher kan, kò yára nínú eré náà, bẹ́ẹ̀ ó ti ní 24 sack fún Arizona State ní sáà 2002. Ravens mú un ní ipò 10 ní 2003, ó sì fi 139 sack parí iṣẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni bí ó ṣe ń gé kọ̀rọ̀. Ẹni tí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀, tí ó lè rẹ ara sílẹ̀ kí ó sì fì sí ẹ̀gbẹ́ bí ọlọ́kadà tí ń gé kọ̀nà lórí eré, kò fi ibì kankan sílẹ̀ tí tackle lè dì mú.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ pẹ́ lórí rẹ̀ jù. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó lágbára máa ń gbà pé agbára ti tó: wọ́n á kọlu àyà mi, èmi náà á gbá wọn mú lábẹ́ apá, ó parí. Ẹni tí ó máa ń fi ìyà jẹ mí ni ẹni tí ń ṣọ́ ọwọ́ mi, tí ó dúró kí n nà án jáde, tí ó sì gbá a dànù lásìkò náà gan-an. Èyí tí ó tún le jù ni ẹni tí mo ti dí ọ̀nà àkọ́kọ́ mọ́, tí kò dúró ronú rárá, tí ó ti pòòyì wọ inú kí n tó mọ̀ pé òun kò fẹ́ gba ìta mọ́. Irú pípòòyì bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí ó gbé Dwight Freeney dé 125.5 sack, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òmìrán. Ẹ wá wo Vernon Gholston, tí ó ní 14 sack fún Ohio State ní 2007, tí agbára àti eré sísá rẹ̀ ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu, tí New York Jets sì mú ní ipò 6 ní 2008. Kò ní sack kan ṣoṣo ní NFL.

Bí ẹ bá fẹ́ ka sack, ẹ wo fídíò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò dí i lọ́nà, ẹ yọ ọ́ kúrò. Èyí tí ó wáyé nítorí pé quarterback kò rí ẹni tí yóò ju bọ́ọ̀lù sí, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ń ṣọ́ ẹ̀yìn ni wọ́n ni ín. Ẹ wá ka àwọn ìgbà tí ó borí tackle rẹ̀ ṣùgbọ́n tí bọ́ọ̀lù ti lọ, pàápàá níwájú tackle tí òun náà ń lọ sí NFL. Ẹ wo ìdá kẹrin eré pẹ̀lú, nígbà tí àárẹ̀ ti mú gbogbo wọn. Ẹni tí kò bá lè di ẹ̀bá pápá mú kí alátakò má baà gba ibẹ̀ kọjá nígbà tí wọ́n bá ń gbé bọ́ọ̀lù sáré, wọn kò ní fi í sílẹ̀ lórí pápá pẹ́.

Ní ti Oweh, ìṣísẹ̀ àti eré wà lára rẹ̀, bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ni ó sì kọ́kọ́ ń gbá, kò tíì pẹ́ nínú èyí. Ọwọ́ ni kò tíì gbọ́n. Ó ní sack 5 ní 2021, 3 ní 2022, 5 ní 2023, kí ó tó di 10 ní 2024. Bí irú rẹ̀ bá tún dé, èmi yóò mú un ní ìparí ìpele kìíní draft fún ẹgbẹ́ tí ó lè fún un ní ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n n kò ní mú un láàárín àwọn 10 àkọ́kọ́.