Níbo Ni Kí N Ti Bẹ̀rẹ̀ Sí Í Wá Ìtàn Ìdílé Wa?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú wa. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Gánà ni bàbá bàbá mi ti ṣòwò kí wọ́n tó padà wálé ní 1969. Bàbá mi ti di olóògbé báyìí, orúkọ bàbá àgbà àti agboolé wa nìkan ni mo sì mọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n sanwó fún àyẹ̀wò DNA, òmíràn ní orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kí n lọ. Èwo ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún bàbá yín. Ẹ fi owó yẹn sápò ná. Àyẹ̀wò DNA lè fi agbègbè tí ẹ̀jẹ̀ yín ti ṣẹ̀ hàn yín, ó sì lè tọ́ka sí ìbátan kan tí òun náà ti ṣe àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n kò lè dárúkọ agboolé kankan. Oríkì orílẹ̀ yín, èyí tí ó ń sọ ibi tí ìran yín ti ṣẹ̀ wá, ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Nígbà tí ogun tú ọ̀pọ̀ ìlú Ọ̀yọ́ àtijọ́ ká ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Ògbómọ̀ṣọ́ wà lára àwọn ìlú tí àwọn tí ogun lé kúrò nílé sá wọ̀, ìdí sì nìyẹn tí ọmọ Ìkòyí, ọmọ Olúgbọ́n àti ọmọ Arẹ̀sà fi wà níbẹ̀ títí di òní. Ẹni tí kò bá mọ orílẹ̀ rẹ̀ lè máa wá baba ńlá rẹ̀ nínú ìwé ìlú tí baba ńlá náà kò dé rí.

Ẹ lọ bá ẹni tí ó dàgbà jù nínú agboolé, pàápàá àwọn ìyá, nítorí àwọn ni wọ́n ń kì ọmọ ní àràárọ̀. Nígbà tí mo ń wá ìtàn ìdílé ìyá mi, mo jókòó ti àbúrò ìyá àgbà wa lórí ẹní, mo gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ wọn kí ó máa gba ohùn wọn sílẹ̀, mo sì ń bèèrè ọdún àti orúkọ. Wọn kò rí nǹkan kan sọ fún mi. Ìgbà tí mo pa fóònù, tí mo kúnlẹ̀ láti dágbére, ni wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí, wọ́n sì dárúkọ bàbá mẹ́ta àti odò kan tí n kò gbọ́ rí. Nígbà tí mo padà lọ, wọn kò rántí orúkọ odò náà mọ́. Ó ń dùn mí di òní. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pa fóònù yín títí ẹ ó fi jáde nínú ọgbà.

Lẹ́yìn èyí ni ìwé kàn. Láti 1855 ni iṣẹ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi ti bẹ̀rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn oníṣòwò Yorùbá, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, sì dá irú ìjọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Gánà. Bí bàbá àgbà bá jẹ́ ọmọ ìjọ, ẹ bèèrè ìwé àkọsílẹ̀ ìtẹ̀bọmi níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: ìjọ yìí kì í tẹ ọmọ ọwọ́ bọmi, nítorí náà ọjọ́ tí ẹ bá rí níbẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ ìbí. Ẹ tún yẹ àpótí àwọn àgbà wò, nítorí oṣù November 1969 ni ìjọba Gánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti gbà á tàbí kí wọ́n kúrò nílùú, ẹni tí ó sì wá irú ìwé bẹ́ẹ̀ nígbà náà kì í sáà sọ ọ́ nù.

Ìwé àwọn aláṣẹ ìgbà òyìnbó lórí Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ wà ní National Archives, nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ wá “Ogbomosho” pẹ̀lú “Ogbomoso” níbẹ̀. Ẹ má sì fi orúkọ ìdílé nìkan wá ènìyàn, nítorí ọmọ bàbá kan náà lè jẹ́ orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ọ̀kan mú orúkọ bàbá rẹ̀, èkejì mú èyí tí wọ́n fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní ilé ìwé. Ní ti íntánẹ́ẹ̀tì, ìkànnì ìtàn ìdílé tí à ń pè ní FamilySearch kò gba owó, ẹ lè to ìran yín síbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá àgbà wa ní Ọ̀yọ́ kò mọ ọdún tí a bí wọn. Ṣé ọ̀nà wà?

ÌDÁHÙN: Ó wà. Ẹ má bèèrè ọdún lọ́wọ́ wọn, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni kí ẹ bèèrè. Ní ọjọ́ 20 oṣù May 1947, òṣùpá dí oòrùn lọ́sàn-án. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti ń pọnmi nígbà náà, tàbí wọ́n ṣì wà lẹ́yìn ìyá wọn. Ṣé wọ́n rántí ìgbà tí Aláàfin Ládìgbòlù wàjà ní 1944? Ọmọ mélòó ni wọ́n ti bí nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà ní January 1973? Ẹ tún bèèrè ẹni tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́, bóyá ti ẹni yẹn wà nínú ìwé. Bí ìdáhùn bá fi hàn pé wọ́n ti tó ọmọ ọdún méje sí mẹ́wàá ní 1947, ẹ kọ “láàárín 1937 sí 1940” sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ohun tí wọ́n sọ gan-an sí abẹ́ rẹ̀.