Okùn bàtà aláwọ̀ méjì: ẹ ki ẹsẹ̀ bọ bàtà kí ẹ tó hun ún

Ẹ béèrè bí a ṣe ń fi okùn funfun àti dúdú hun ojú bàtà kánfáàsì kí ó lè dà bí ojú ọpọ́n díráfù, ẹ sì ní ìgbéyàwó ni ẹ fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ ní Sátidé. Ẹ má ṣe dán an wò bí mo ti ṣe tèmi. Orí tábìlì ni mo gbé bàtà lé lóru Jímọ̀, mo hun ún títí ó fi le gbagidi, mo sì lọ sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ ìka nìkan ni ó ráyè wọlé. Gìgísẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Irú híhun yìí kò ní ibi tí a ti ń dẹ̀ ẹ́, nítorí náà abẹ ni mo fi gé e, bàtà ọ́fíìsì ni mo sì wọ̀ lọ jó.

Láti ọjọ́ náà, n óò ti wọ bàtà pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan okùn. Okùn pẹlẹbẹ tó fẹ̀ ni ẹ rà, nítorí pé èyí tó rí roboto kì í bo àlàfo. Ẹ yọ funfun jáde láti inú ihò ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹ fà á dábùú wọ ihò tó kọjú sí i, ẹ gbà á lábẹ́ bọ́ sí ihò tó wà lókè rẹ̀, kí ẹ sì tún yọ ọ́ jáde, títí ihò yóò fi tán. Ẹ wá mú dúdú láti apá ọmọ ìka, kí ó gun orí funfun kan, kí ó gba abẹ́ èkejì, gẹ́gẹ́ bí ẹni ń hun ẹní. Bí ó bá dókè, ẹ yí i po funfun tó gbẹ̀yìn, kí ó máa sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó gbà gòkè. Ike ẹnu okùn tèmi bọ́ níbi tí mo ti ń tì í lábẹ́ ní ìgbà kẹta. Sẹ́lótéèpù ni mo wé mọ́ ọn. Inú bàtà ni ẹ óò ki etí okùn méjèèjì sí.

Ẹ má wọ̀ ọ́ sáré o. Ní ọdún 2002, Burkard Polster, onímọ̀ ìṣirò ní Yunifásítì Monash ní Ọsirélíà, fi hàn nínú ìwé ìròyìn Nature pé síso alágbèélébùú tí gbogbo wa mọ̀ wà lára èyí tó ń fa bàtà pọ̀ jù lọ. Òun ni mo ń lò fún eré ìdárayá.

Bí ẹ bá sì fẹ́ fi pupa rọ́pò dúdú, ẹ kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sómi lọ́tọ̀. Òjò pa èyí tí mo lò lẹ́ẹ̀kan, funfun rẹ̀ sì ti di aláwọ̀ osùn kí n tó délé.